Káàdì Kìíní

Bí ẹ kò bá kí Ezekiel Fáníyì ní "Injiníà", kò ní dá yín lóhùn. Akọ̀wé tó ń fa káàdì aláìsàn jáde nílé ìwòsàn Òkè-Ọ̀dàn ní Emùré ni. Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di Injiníà. Fáníyì Ọkọ Ẹ̀rọ, A-tẹ-bọ́tìnnì-kílé-mì.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà tuntun dé, ó ní òun yóò kó káàdì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú rẹ̀, iṣẹ́ kò sì ní dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nọ́ọ̀sì Jẹ̀mílátù ní kó kọ́kọ́ fi ènìyàn mẹ́wàá dán an wò. Fáníyì ní òun kọjá ìdánwò.

Ohun kan ló ń dùn ún. Sùmáyà aránṣọ ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, òun ló sì wà ní nọ́ńbà kìíní. Fáníyì ti orúkọ ara rẹ̀ bọ òkè pátápátá. Gbogbo orúkọ sún sísàlẹ̀; àìsàn kò bá wọn sún. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pa ohun tó wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ́.

Lọ́jọ́ tí Baálẹ̀ wá ṣí ẹ̀rọ náà, ó lé àwọn aláboyún dìde lórí bẹ́ǹṣì kí àlejò lè jókòó. Sùmáyà fọwọ́ ti ẹ̀yìn, ó dìde. Oògùn kan fẹ́ẹ̀ pa á nígbà oyún àkọ́kọ́. Kò lè pe orúkọ oògùn náà. Inú káàdì ló wà.

"Ẹ ka káàdì kìíní," Fáníyì wí.

Nọ́ọ̀sì wo ojú ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, ṣé kí n kà á?"

"Kà á sókè, kí wọ́n gbọ́ lóde."

"Ezekiel Fáníyì. Oyún oṣù mẹ́jọ, ìbejì. Kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo. Kó padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè."

Baálẹ̀ wo ikùn Fáníyì, ó ṣí fìlà. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Gbogbo wọn ṣe àmín.

"Tèmi ńkọ́?" Sùmáyà béèrè.

"Ìpá ni wọ́n ní kí á gé fún ọ," Nọ́ọ̀sì kà á.

Ẹ̀rín táwọn ènìyàn ń rín dá. Sùmáyà kọjú sí Fáníyì. "Oògùn tí n kò gbọdọ̀ lò ńkọ́, Injiníà?"

Nọ́ọ̀sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìwé ńlá tó ti ń da gbogbo káàdì kọ sí láti ọdún pípẹ́ wá jáde. Ó rí orúkọ oògùn náà, ó kọ ọ́ sí Sùmáyà lọ́wọ́. Ó wá gbé ìwé náà lé Fáníyì lọ́wọ́ pé kó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún di ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Sùmáyà ti padà jókòó. Ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wá sinmi, sà. Ipò yín kò gba ìdúró."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Fáníyì gun ọ̀kadà, ó ní kí wọ́n sáré. Ọlọ́kadà ń rọra yẹ kòtò ní tirẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin mẹ́ta ni mo gbé. Jẹ́ẹ́jẹ́ la ó dé ulé."