Ìfẹnukonu tó Ṣìnà Nílé Méyọ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè mì. Ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, kó dáwọ́ dúró, ọkọ ò níí sá lọ.

Ẹ̀yin ará Pọ́dùbúrì, láti ìgbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì ti ń gba owó orí lórí fèrèsé ni Méyọ̀ wa, olórí ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà, ti fi bíríkì dí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ pa, kó má baà san owó náà. Ọ̀sán gangan, òkùnkùn biribiri! Inú òkùnkùn yẹn ni Méyọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó nawọ́ sí Fébè, ọmọge tó ń se oúnjẹ, tó sì fẹnu kò ó lẹ́nu.

Kì í ṣe Fébè. Mo tún un sọ, kì í ṣe Fébè! Màmá Tàbítà tó ń fọ ìkòkò ni, opó arúgbó tí eyín kan ṣoṣo ń dá gbé ẹnu rẹ̀.

Màmá ò pariwo. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé òkú ọkọ òun ló dé, àmọ́ ọkọ òun ò mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó jáde síta, àtíkè funfun tí Méyọ̀ ń dà sí wíìgì orí rẹ̀ ti kun gbogbo imú Màmá. Ìyàwó Méyọ̀ wo imú, ó wo wíìgì, ó ti ilẹ̀kùn. Ilé ẹṣin ni Méyọ̀ ń sùn láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, Méyọ̀ pàṣẹ:

Èkíní: ẹni tó bá wọ ilé ìdáná tó ṣókùnkùn, kó wúkọ́, kó dárúkọ ara rẹ̀. Àti Méyọ̀ náà. Háà, wọ́n ní kí n má ka ìyẹn.

Èkejì: arúgbó kò gbọdọ̀ ta sánsán bí àkàrà òyìnbó nínú òkùnkùn. Àbà, igi tí wọ́n ń ti ẹsẹ̀ ọ̀daràn bọ̀, ni ìyà rẹ̀!

Ẹ̀kẹta: kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ẹni tó bá rí i, wọn ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bọ àbà. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, méjèèjì!

Ẹ̀kẹrin, èyí tó le jù: kí Tàbítà dá ìfẹnukonu náà padà fún Méyọ̀ lọ́jọ́ ọjà, níṣojú ìyàwó rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè tán, kí Méyọ̀ lè wọlé sùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ó lé arúgbó náà kúrò nílùú!

Wọ́n ka àṣẹ yìí fún Màmá lẹ́bàá kànga. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú, ó ní egungun òun yìí náà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ó wá nu ọwọ́ nù.

"Ẹ sọ fún Jòsáyà pé mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹnu kò mí. Mo ti dárúkọ ara mi fún un kó tó ṣe ìkejì. Èwo ni kí n dá padà?"

Ìyàwó Méyọ̀ ń gbọ́ láti ojú fèrèsé òkè ilé.

Nítorí náà, wọ́n ti fagi lé àṣẹ kẹrin. Ẹni tó bá ní bùláńkẹ́ẹ̀tì tí kò lò, kó gbé e lọ sí ilé ẹṣin Méyọ̀. Òtútù ń bọ̀.

Akéde ti ké, ọ̀fun ti gbẹ. Kí Ọlọ́run dá Ọba sí, kó sì tan iná fún gbogbo ọkùnrin ìlú yìí.