Ẹ Bá Mi Wò Ó Bóyá Ó Bàjẹ́

“Toyyib, gbé ohùn ẹ sókè, mi ò gbọ́.”

Ohun tí ìyá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, lórí fóònù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọn ò jí. Nígbà tí a ṣe fìdáù tán, mo mú fóònù wọn lọ bá Dúrótìmí ní Táíwò Road. Ó ń tún fóònù ṣe, ó ń bá àwọn èèyàn to fídíò ìgbéyàwó, kò sì sí ohun tí kò mọ̀.

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó bóyá ó bàjẹ́.

DÚRÓTÌMÍ: Dín ohùn kù! Ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo jókòó sí.

ÈMI: Ẹ má bínú. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, ariwo irin ti mọ́ mi lára.

DÚRÓTÌMÍ: (Kò tíì ṣí i.) Mo ti mọ ohun tó ṣe é. Omi ló wọ̀ ọ́.

ÈMI: Omi ò wọ̀ ọ́. Inú ọ̀rá ni ìyá mi ń tọ́jú ẹ̀ sí.

DÚRÓTÌMÍ: Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi àbí ìwọ? (Ó ṣí i. Ó gbẹ táútáú.) Omi lè wọ nǹkan, kó tún jáde. Kí ló ń ṣe é gan-an?

ÈMI: Ojoojúmọ́ ni mò ń pè wọ́n láti Jẹ́bà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní àwọn ò gbọ́, kí n pariwo.

DÚRÓTÌMÍ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì ohùn. Gbogbo àwọn ìyá ló ń ṣe é. Ariwo tí fóònù fi ń dún ni wọ́n ń gbé sókè, kì í ṣe ohùn ẹni tó pè wọ́n. Àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Gbé e sétí.

(Ó jáde sí títì, ó fi fóònù tiẹ̀ pè é, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohùn ẹ̀ wọ etí mi ketekete. Ó padà wọlé, inú ẹ̀ ń dùn.)

DÚRÓTÌMÍ: Ohùn ẹ̀ kún dé òkè! Fóònù yìí le ju tuntun lọ.

ÈMI: Ẹ tún un wò.

DÚRÓTÌMÍ: Kò sóhun tó ṣe é.

ÈMI: Wàláì, nǹkan gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo bẹ̀ yín.

DÚRÓTÌMÍ: Ọdún kọkànlá rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò rí ẹni tó bẹ̀ mí kí fóònù ẹ̀ bàjẹ́ rí. Pe ìyá wá, kí n bá wọn sọ̀rọ̀.

ÈMI: Wọ́n ti kú.

(Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.)

DÚRÓTÌMÍ: Háà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Kí lo wá ń fẹ́ kó bàjẹ́ fún?

ÈMI: Lọ́jọ́ tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, inú bí mi. Mo ní, “Ìyá, ṣé etí yín ti di ni?” Mo ju fóònù sórí tábìlì, mo padà sídìí iṣẹ́. Tó bá bàjẹ́, á jẹ́ pé wọn ò gbọ́.

(Dúrótìmí tún mú fóònù náà, ó ń tẹ̀ ẹ́.)

DÚRÓTÌMÍ: Ṣé o pa ìpè yẹn?

ÈMI: Mi ò rántí.

DÚRÓTÌMÍ: Fóònù yìí máa ń gba ìpè sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìpè yẹn gbà. O ò pa á.

(Ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ohùn mi bú jáde: “Ìyá, ṣé etí yín ti di ni?” Ẹni tó ń kọjá ní títì yíjú wò wá. Lẹ́yìn ẹ̀, ohùn kan ń sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.)

ÈMI: Ìyá nìyẹn! Ẹ gbé e sókè.

(Ó gbé e sókè. Ariwo bò wá.)

DÚRÓTÌMÍ: Kí nìyí? Ṣé ìdí ẹ̀rọ ìlọta ni ìyá jókòó sí ni?

ÈMI: Ẹ̀rọ mi ni. Mò ń lọ irin.

DÚRÓTÌMÍ: Bí mo ṣe ń gbé ìyá gòkè, irin ẹ ń bá wọn gòkè. Jẹ́ kí n ti irin sísàlẹ̀ ná.

(Irin lọ sílẹ̀. Ohùn tó kù dà bíi ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò.)

ÈMI: Ìyá kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ ti gé imú wọn.

DÚRÓTÌMÍ: Sùúrù! Mo gé e jù ni. (Ó rọra ń fà á, díẹ̀díẹ̀.) Ilà ojú kọ̀ǹpútà yìí ò gbọ́dọ̀ pupa, kí ohùn má fọ́. Ó tó. Gbọ́ ọ.

(Hamidat, tí òun àti ìyá mi jọ ń gbélé ní àdúgbò Basin, ló kọ́kọ́ fọhùn: “Ìyá Toyyib, ó ní etí yín ti di!” Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Etí mi ò di. Èmi ni mò ń ní kó pariwo. Bí ò bá pariwo, báwo lẹ̀yin ará ilé ṣe máa mọ̀ pé ọmọ mi ń pè mí?”)

(Dúrótìmí fi àkísà tó fi ń nu fóònù nu ojú. Ìdọ̀tí àkísà náà sọ ojú ẹ̀ di dúdú.)

DÚRÓTÌMÍ: Ṣé kí n yọ ibi tó o ti pariwo mọ́ wọn?

ÈMI: Ẹ fi sílẹ̀.

DÚRÓTÌMÍ: Kí n kàn dín in kù díẹ̀?

ÈMI: Ẹ fi kún un, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ará ilé kan wà lẹ́yìnkùlé tí wọn ò tíì gbọ́ pé mò ń pe ìyá mi.

Nígbà tí mo délé, mo bu yanrìn, mo fi ha ìkòkò fìdáù tí ìrẹsì ṣì jó mọ́ nídìí.