Ìdámẹ́wàá Bátìrì Díákónì Olúṣínà

Ọgọ́rin ni. Kò gbọdọ̀ lé ẹyọ kan.

Ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni Díákónì Olúṣínà ní kí bátìrì mọ́tò òun máa gbé lójoojúmọ́. Bí sólà orí òrùlé bá ti ń tì í dé ibẹ̀, bàbá á sáré bọ́ síta, ì báà jẹ́ pé ọṣẹ ṣì wà lójú rẹ̀, á já wáyà náà yọ, fàà! bí ìyá tó ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Ọlámidé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ra mọ́tò oníná náà ní tòkunbọ̀ fún un, ló kìlọ̀ láti Èkó.

"Bàbá mi, mọ́tò yìí kì í mu epo, àmọ́ bátìrì rẹ̀ ti dàgbà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kún un dé ẹnu lójoojúmọ́, ẹ ó tètè pa á. Ọgọ́rin ti tó o."

Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ Ilora ní ìṣirò, èèyàn kì í sọ nọ́ńbà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ará àdúgbò fi ń wo ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

"Tíṣà!" Ṣàràfá, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lódìkejì ọ̀nà, a máa ké sí i. "Ẹ tún ti já a kó tó yó! Ta ní ń gba abọ́ lọ́wọ́ àlejò láàárín oúnjẹ?"

"Ṣàràfá, wá nǹkan ṣe. Tún kàbúrétọ̀ ọwọ́ ẹ ṣe."

"Mo ń tún un ṣe, sà. Òun kúkú ń mu àmuyó."

Gbogbo ìsọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Tó bá jẹ́ ti Ṣàràfá nìkan ni, kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ Beatrice ló wà níbẹ̀.

Ìyá Tóbilọ́ba ni gbogbo Ilora ń pe Beatrice. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni olórí akọrin ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́fà. Ìyàwó Díákónì ti lọ láti ọdún mẹ́rin, láti ìgbà náà ni bàbá ti ń dá oúnjẹ sè, tó ń dá a jẹ, tó bá sì jẹ ẹ́ tán, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìkòkò. Àwọn méjèèjì ti wá fẹnu kò láti fẹ́ra. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo.

Baba Akínwálé ni, ẹ̀gbọ́n Beatrice ní Fiditi. Wolé-wolé ni bàbá yìí nígbà ayé ìjọba àtijọ́, àwọn ìkòkò omi kan ṣì wà ní Fiditi tí wọ́n ń gbọ̀n tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló ti wá tọrọ Beatrice kí Díákónì tó dé. Ìkíní fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, bàbá ní kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Ìkejì dé lásìkò, bàbá wo èékánná rẹ̀, ó ní òun ò lè fi àbúrò òun fún ìdọ̀tí. Ó wá ránṣẹ́ sí Ilora: "Kí onímọ́tò tí kì í mu epo gbé e wá kí n rí i. Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀."

Bí bàbá yìí bá sọ pé rárá, ó parí nìyẹn. Díákónì á padà sọ́dọ̀ ìkòkò.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Sátidé yìí, bí ìjọ ti jáde, àwọn èèyàn rọ̀gbà yí mọ́tò náà ká. Beatrice dá ọwọ́ lé ìbàdí.

"Díákónì, wọ́n ní ẹ kì í jẹ́ kí mọ́tò yín yó. Ṣé bí ẹ ṣe máa febi pa èmi náà nìyẹn?"

Àwọn akọrin hó yèè!

Ẹ wò ó, ohun tí Ọlámidé sọ ni ìbá sọ. Ṣùgbọ́n ṣé níwájú obìnrin téèyàn fẹ́ fẹ́ ni bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta á ti la ẹnu pé, "Ó ti dàgbà ni, kò gba àgbàjù"?

Ahọ́n kọ̀. Ahọ́n yí padà. Ahọ́n wá ohun mìíràn sọ.

"Ìyá Tóbilọ́ba, ọgọ́rùn-ún ni Ọlọ́run fún mi. Mo yọ mẹ́wàá fún ìdámẹ́wàá. Mo yọ mẹ́wàá fún ọrẹ àtọkànwá. Ọgọ́rin tó kù ni tèmi. Lójoojúmọ́!"

"Halelúyà!"

Beatrice fi ọwọ́ lé àyà. "Ọkùnrin rèé!"

Orí Díákónì wú gàgà. Kò mọ̀ pé Pásítọ̀ Olúkáyọ̀dé dúró lẹ́yìn òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run ṣòfò ni pásítọ̀ yìí. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀rín ti ń pa mí bọ̀ o!

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbà! gbà! gbà! lẹ́nu géètì. Pásítọ̀ ni, pẹ̀lú àwọn èèyàn ìjọ méjì àti wáyà tó gùn tó ejò inú ìtàn. Iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ Ajé, jẹnẹrétọ̀ ìjọ ti dákú, ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Beatrice dúró lẹ́yìn wọn tòun tìwé orin.

"Baba Díákónì, a wá gba ogún ti Olúwa."

"Ogún wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ nínú bátìrì. Ihò tí wọ́n fi ń fa iná jáde wà lára mọ́tò yín, mo ti rí i."

"Pásítọ̀, ogún yẹn ò sí níbẹ̀. Àyè lásán ni. Mi ò kún ibẹ̀ ni."

Ojú Pásítọ̀ là kedere.

"Àyè? Baba, ṣé láti oṣù mẹ́ta, òfìfo lẹ ti ń fi rúbọ sí Ọlọ́run?"

Beatrice pa ìwé orin dé, pòó!

"Rárá o!" Díákónì fò sókè. "Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe! Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́!"

Fáànù mẹ́jọ. Sípíkà mẹ́rin. Kíbọ́ọ̀dù kan. Ọgọ́rin di ọgọ́ta.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òjò wẹliwẹli ni. Sólà gbójú sókè bí adìẹ tó mu omi, kò rí nǹkan kan gbà. Wáyà tún dé.

"Pásítọ̀, ẹ gbà á lánàá!"

"Lójoojúmọ́ lẹ wí, Baba. Gbogbo ìjọ gbọ́."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é. Ọgọ́ta ló kù. Ìdámárùn-ún ọgọ́ta, méjìlá ni, kì í ṣe ogún."

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, a kì í bá Ọlọ́run ṣe ìṣirò."

Ọgọ́ta di ogójì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, aago méje, òjò ò tíì dá. Beatrice fúnra rẹ̀ ló kanlẹ̀kùn.

"Díákónì mi, a fẹ́ fi orin ìparí dánra wò. Ẹ jẹ́ ká gba ti òní kí á tó lọ sí Fiditi."

Díákónì *mi!* Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki wáyà bọ ihò.

Ogójì di ogún.

Ó jókòó sórí àga, ó ṣírò ó. Ogún á gbé wọn dé ibi tí Fiditi ku díẹ̀. Ó tún un ṣírò. Ó ṣì ku díẹ̀. Ó fi ìgbàgbọ́ dí ìyókù, ó wọ agbádá, ó rẹ́ èékánná, wọ́n gbéra.

Wọ́n kọjá Jobele, òjò ti dá, oòrùn yọ bí ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín.

"Díákónì, ooru ń mú mi. Ẹ tan ẹ́síì, kí tìróò ojú mi má baà ṣàn."

Ta ní jẹ́ sọ pé rárá? Ó tan ẹ́síì. Kò pẹ́, àwòrán ìjàpá kékeré kan yọ níwájú wọn, níbi tí nọ́ńbà máa ń wà. Báyìí ni mọ́tò náà ṣe ń sọ pé agbára òun ti ń tán.

"Díákónì, ìjàpá nìyẹn?"

"Ìjàpá ni."

"Ṣé àlọ́ ni mọ́tò yín fẹ́ pa fún wa ni?"

Mọ́tò ò dún gbì, kò dún gbà. Ó rọra dúró, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó sùn lọ lórí àdúrà. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Òrùlé Fiditi ń dán lọ́ọ̀ọ́kán.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni àwọn obìnrin eléso ń kọjá lọ sọ́jà, wọ́n tó méjìlá, gbogbo wọn ru igbá àti agbọ̀n. Rahmatullah ló ṣáájú, ó ń fa ewúrẹ́ kan lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ìyá," Díákónì bẹ̀bẹ̀, "ẹ ṣàánú, ẹ bá wa tì í dé Fiditi."

"À bá tì í, Bàbá. Ẹrù ló wà lórí wa yìí."

"Ẹ kó o sínú mọ́tò!" Beatrice ti ṣílẹ̀kùn. "Ibi kan náà kọ́ là ń lọ?"

Ọsàn wọlé. Ọ̀pẹ̀yìnbó wọlé. Ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìgò oyin mẹ́fà. Ewúrẹ́ gun àga ẹ̀yìn, ó jókòó bí ọ̀gá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gèlè Beatrice láti ẹ̀yìn.

"Ẹ tì í!"

"Hẹ̀n!"

"Ẹ tún un tì!"

"Hẹ̀n-ín!"

Àwọn ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dara pọ̀. Méjìlá di ogún. Ẹnì kan dá orin, àwọn yòókù gbè é. Báyìí ni wọ́n ṣe ti Díákónì Olúṣínà wọ àgbàlá Baba Akínwálé, gìrìgìrì, tòrin tayọ̀, tewúrẹ́ tẹrẹ̀.

Baba Akínwálé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aago. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ó gbé ọ̀pá sókè.

"Aago mélòó ni mo..."

Ẹnu bàbá wà ní yíyà sílẹ̀. Ó wo àwọn tó ń ti mọ́tò. Ó kà wọ́n látorí dé orí. Ó sọ ọ̀pá kalẹ̀.

"Gbogbo ẹbí rẹ lo kó wá? Tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ti ọkọ ìyàwó láti Ilora? Háà! Èèyàn tó pọ̀ tó báyìí, báwo ni wọn ò ṣe ní í pẹ́!"

Ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò. Gbùrù! Ọsàn yí dànù sílẹ̀. Ó rí ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó rí oyin. Ó rí ewúrẹ́ tí gèlè ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹrù ìyàwó ló pé báyìí! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé e wọlé!"

Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ya jáde bí ìjàlọ. Kíá, mọ́tò ṣófo.

"Yéè!" Rahmatullah ká ọwọ́ lérí. "Ewúrẹ́ mi o! Ọsàn mi!"

"Oyin mi! Mo gbé o!"

Obìnrin méjìlá bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díákónì la ẹnu láti sọ òótọ́. Beatrice tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, kìì!

"Díákónì, ẹ dọ̀bálẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Baba Akínwálé bó ọsàn kan, ó fi sẹ́nu, ó wo àwọn obìnrin tó ń yí nílẹ̀. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú òun náà.

"Beatrice, fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹbí ìyàwó ni mo mọ̀ tó ń sunkún. Mi ò rí ẹbí ọkọ tí ayọ̀ pa tó báyìí rí!"