Ìràwọ̀ Tí Dókítà Ọ̀ṣúnníyì Fi Síwájú Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ẹ bá mi kí Dókítà Gbádébọ̀ Ọ̀ṣúnníyì, ọmọ tíṣà, ọmọ-ọmọ tíṣà, àrólé àwọn tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ba ẹ̀wù jẹ́ láti ayébáyé, erin tí ń ṣí ìwé kí igbó ìmọ̀ tó mì tìtì. Lọ́jọ́ tí yunifásítì pe akọni yìí wá sọ̀rọ̀ ní gbangba, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló gbé wá sójú ogun: fraetaną, tó túmọ̀ sí kí á jẹ nǹkan tán ráúráú lẹ́nu àwọn baba ńlá ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn baba ńlá náà kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló wo ojú àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà bí, tí wọ́n fi mọ bí baba ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìràwọ̀ kékeré síwájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí aráyé mọ̀ pé àfòyemọ̀ ni. Èyí tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Jámánì, fressen, ni wọ́n fi ń sọ bí ẹranko ṣe ń jẹun. Èyí tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fret, ti di kí ọkàn èèyàn má balẹ̀, torí ìrònú náà a máa jẹni.

Akọni wọ gbọ̀ngàn, ó gbójú sókè wo bánà tí wọ́n kọ àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó rí fraetaną láìní ìràwọ̀. Òógùn bò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́wálé, tó ti ń ṣọ́ àṣìṣe rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ du ipò olórí ẹ̀ka, ti ń bọ̀ lọ́nà.

“Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀,” ni Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ wí. “Ta ló máa mọ̀?”

“Ọdẹ́wálé á mọ̀.”

Ni ẹkùn bá yọ máákà lápò, ó gun àga oníke. Àga ń mì. Wúràọlá di ṣòkòtò rẹ̀ mú lẹ́yìn.

“Bàbá Ṣíjúwadé, ẹ rọra. Ẹ̀mí yín ju ìràwọ̀ lọ.”

Akọni tó lè fi odidi ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí fáwẹ̀lì kan na ọwọ́, ó na ọrùn, ó na gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un, ó sì tẹ ìràwọ̀ mọ́ bánà, bín-ín-tín báyìí, kò ju èèrà lọ.

Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni Ọdẹ́wálé wọlé. Ó wo bánà, ó nu gíláàsì rẹ̀, ó tún wò ó. Nígbà tí kò rí àṣìṣe kankan, ó lọ jókòó. Omi lé ròrò lójú akọni. Kò sí ìlú tí jagunjagun kó rí tó dùn mọ́ ọn bí ìjókòó yẹn ṣe dùn mọ́ Gbádébọ̀.

Nítorí náà, kí ó hàn sí tèwe-tàgbà, sí àwọn díẹ̀ tó wà ní gbọ̀ngàn àti àwọn tí oorun ti gbé lọ nínú wọn, pé Gbádébọ̀ ọmọ Ọ̀ṣúnníyì ti gbé ìràwọ̀ síwájú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́, láìsí ẹni tó kú, láìsí ẹni tó bèèrè.