Fóònù Tí Bàbá Aláàánú Pín

Ọkùnrin tó ń darí ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ló fún ara rẹ̀ lórúkọ Bàbá Aláàánú, nítorí ó ti dúró títí, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá a fi kún un lábẹ́lẹ̀: Aláàánú-ara-rẹ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn bo imú àti ẹnu, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ta ni yóò wá máa rí ẹ̀rín rẹ̀? Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán ẹnu òun, teyínteyín, sára ìbomú òun. Látìgbà náà, ẹni tí Bàbá Aláàánú bá ń bú gan-an á rò pé ó ń rẹ́rìn-ín sóun ni.

Àwọn ọmọ tó ń gbé ilé náà jẹ́ àwọn tó dá kọjá ẹnubodè, láìsí ìyá, láìsí bàbá lẹ́yìn wọn. Kónílé-ó-gbélé wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn: kò sí ilé ìwé, kò sí àlejò. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìjọba fi kó fóònù ránṣẹ́, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fún àwọn òbí wọn tó kù sílé lọ́hùn-ún ní nọ́ńbà fóònù náà.

Bàbá Aláàánú gba àwọn fóònù náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó wò wọ́n, wọ́n ń dán. Ó wo àwọn ọmọ, wọn ò dán tó bẹ́ẹ̀. Ó bá pín in fún àwọn tó mọyì nǹkan: ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn àbúrò ìyàwó, àti ìyá ìyàwó tí òfin kónílé-ó-gbélé ká mọ́ òkè ilé náà, níbi tí ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ṣáà ní kó pín in ni.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń bi í lójoojúmọ́: "Dádì, ṣé ìyá mi ti pè?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ni Dádì á wí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò ní sùúrù rárá."

Ọmọ náà á lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa wo ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà kọjá.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ìjọba ní àwọn fẹ́ fi Bàbá Aláàánú han aráyé lórí ayélujára. Ó wọ kóòtù, ó to àwọn ọmọ sẹ́yìn ara rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, àwọn kúkúrú ló kó sún mọ́ ara, kí òun lè dà bí ẹni tó ga.

"Bàbá, ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ ohùn òbí wọn?" Ọ̀gá obìnrin láti ilé iṣẹ́ náà ló bi í láti ojú kọ̀ǹpútà.

"Hà! Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́!" Ó gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin náà lórí. "Eléyìí gan-an, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀."

"Inú wa dùn. Ọmọ yẹn gan-an la yàn: a ti ní kí ìyá rẹ̀ pè é sórí fóònù náà báyìí, kí gbogbo ayé bá wọn yọ̀."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa níbí..."

Fóònù dún. Òkè ló ti dún. Kò pẹ́, sílípáàsì ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá ìyàwó wọlé, ó ti gbé ìpè náà, ó ṣí ohùn fóònù sókè pátápátá nítorí etí rẹ̀ tí kò gbọ́ dáadáa.

"Bàbá ọmọ, ẹ gbà mí o! Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti fún mi ní fóònù yìí ni obìnrin kan ti ń pè mí lọ́mọ. Ó ní òun ni ìyá mi. Ìyá mi tó ti kú látijọ́! Irú òkú wo ló ń pe èèyàn lórí fóònù?"

Ohùn obìnrin kan jáde láti inú fóònù náà: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fóònù náà. Ẹ fún ọmọ mi."

"Màmi!" Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà wo ọmọ, ó wo fóònù, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀. "Ṣé tiẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìpàdé."

"Mo ní, ṣé ti ọmọ yìí ni?"

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà. "Gbà, ọmọ mi. Má bínú. Mo ti pa fóònù mọ́ ìyá ẹ létí títí."

Àwọn ọmọ yòókù ti fi ẹ̀yìn Dádì sílẹ̀, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ wá tiwọn. Bàbá Aláàánú kọjú sí kámẹ́rà. Ó ṣàlàyé, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ lé àyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni ọ̀gá obìnrin náà wí. "A ti pa ohùn yín. Ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ilé náà lọ́wọ́ yín ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò, a ò rí ọmọ náà."

Ó tẹ̀ ba, ó rá kọjá. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni aráyé rí gbẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Màmi, ẹ máa sọ̀rọ̀," ó ní. "Ẹ ṣáà sọ ohunkóhun."