Ìdíje Tó Fẹ́ Di Ìdájẹ

Iṣẹ́ ló ń sọ àwọn kan di ènìyàn ńlá. Ní ti Alága Ẹgbẹ́ Bésíbọ́ọ̀lù wa, àga ni. Àga náà ga, ó fẹ̀, ó ń yí, ó sì ki débi pé àlejò tó bá wọ ọ́fíìsì kì í tètè mọ èwo ni àga, èwo ni alága.

Fọ́tò rẹ̀ ló kún ara ògiri: òun àti igi ìgbábọ́ọ̀lù, òun àti ìbọ̀wọ́ awọ, òun àti ife tí ẹlòmíì gbà. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ ò ní rí nínú gbogbo fọ́tò yẹn ni òógùn.

Bàbá náà kò gbá bésíbọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹnì kejì ń fi igi lù ú, tó sì ń sáré yí ibùdó mẹ́ta ká kó tó padà sí ilé tó ti kúrò, wàhálà gbáà ni lójú tirẹ̀. Ife ló mọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe ń kì í bó bá ń kọjá: "Arógun-má-sàá níbi tí kò sógun! Agbábọ́ọ̀lù orí àga! Ọkọ ife, ọ̀tá òógùn!"

Alága á dúró, á fa agbádá sókè. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ mọ èèyàn."

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ẹgbẹ́ ẹkùn, àwọn tó ń darí eré yìí ní gbogbo agbègbè wa, kéde pé ọ̀dọ̀ wa ni ìdíje máa ti wáyé. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló fèsì pé àwọn ń bọ̀: àwọn ará orí òkè, àwọn ará erékùṣù, àti orílẹ̀-èdè kékeré kan tó múlé tì wá, tó kéré débi pé bí èèyàn bá sín níbẹ̀, ilẹ̀ ibòmíì ni wọ́n ti máa kí i ní pẹ̀lẹ́.

Kóòṣì fò fáyọ̀. Àbúrò ìyàwó Alága ni, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lábẹ́ oòrùn láti ìgbà tí kò tí ì sí ẹni tí wọ́n máa bá gbá.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti rí alátakò!"

"Alátakò? Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ká bá wọn gbá ni, sà."

"Bí wọ́n bá wá nà wá ńkọ́?"

"A ó mọ ibi tó kù sí."

"Ìwọ ló fẹ́ mọ ibi tó kù sí," ni Alága wí. "Ife lèmi fẹ́."

Ẹgbẹ́ ẹkùn gbà kí orílẹ̀-èdè tó bá ń gbàlejò ṣe òfin ìgbàlejò. Ibi tí àlejò máa sùn àti omi tí wọ́n máa mu ni wọ́n ní lọ́kàn. Alága fa àga mọ́ tábìlì, ó ní òfin lòun ń ṣe. Ẹni tó bá létí dáadáa á gbọ́ pé ọ̀fìn ló ń gbẹ́.

Ó kọ̀wé sí àwọn ará orí òkè pé kò sáyè fún orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ̀wé sí àwọn ará erékùṣù pé mọ́tò nìkan ni kí wọ́n wọ̀ wá.

"Sà," ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wí, "òkun ló yí wọn ká."

"Èmi ni mo da òkun síbẹ̀?"

Ti orílẹ̀-èdè kékeré ló wá burú jù. Wọn ò gbọdọ̀ mú agbábọ́ọ̀lù kankan wá àfi ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ bá ti gbá bésíbọ́ọ̀lù rí. Bẹ́ẹ̀, kí eré náà tó dé ẹkùn wa, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àgbà yẹn ti lọ sọ́run alákeji.

Èsì dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn olókè ní àwọn ò lè rẹ́ òkè wálẹ̀. Àwọn erékùṣù ní mọ́tò àwọn ò tíì mọ̀wẹ̀. Àwọn kékeré bú sẹ́kún, wọ́n ní ó dàárọ̀. Alága ń ka lẹ́tà, ó ń jó lórí ìjókòó, àga ń bá a yí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta la ó wá bá gbá?" Ohùn kóòṣì ti wálẹ̀. "Kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yìí?"

"Sọ fún wọn pé wọ́n ti borí. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ìdíje, bí orí bá pé, ìdájẹ ni."

Nígbà tó délé, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ. "Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dá eré sá ló ń ṣe ipò kìíní."

"Òótọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ ń bu omi fún un. "Òun náà ló ń gbẹ̀yìn."

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí, torí nǹkan mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àmì-ẹ̀yẹ wà fún agbábọ́ọ̀lù, kò sí fún alága. Èyí dùn ún wọ egungun. Ó pa orúkọ balógun ẹgbẹ́, olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, rẹ́ nínú ìwé, ó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó sì rán aṣọ eré kan tó fún mọ́ ikùn débi pé àwọn bọ́tìnnì ń tọrọ àforíjì.

"Ẹ̀gbọ́n," ni kóòṣì wí, "ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń di igi mú."

"Ṣé a fẹ́ fi gbá nǹkan ni?"

Ọjọ́ pé. Ariwo ti gba ìlú kan pé wọ́n máa gbé ife fún wa, ni èrò bá kún pápá. Àwọn oníròyìn pé lé Alága lẹ́nu ọ̀nà.

"Balógun, ta ló máa kọ́kọ́ gbá lónìí?"

Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbá, ẹnu rẹ̀ wá gbòòrò. "Èmi ni! Bí mo bá fi igi kan bọ́ọ̀lù, inú igbó lẹ ó ti lọ wá a."

Ó wọ pápá, ó rí ọ̀pọ̀ àjèjì tó jókòó lápá kan, tí wọ́n gbé báàgì sẹ́sẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Ó rò pé òkìkí òun ló fà wọ́n láti òkèèrè.

Aṣojú ẹgbẹ́ ẹkùn, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, ló mú ife lọ́wọ́. "Alága, ẹ̀yin rèé, àwọn alátakò dà?"

"Màmá, wọn ò kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹ ṣáà gbé e wá."

"A kì í gbé ife fún ẹni tí kò gbá nǹkan kan," ni ìyá náà wí. Ó kọjú sí àwọn àjèjì yẹn. "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí, níbo lẹ ti wá?"

Wọ́n dìde. Àwọn kan ní orí òkè, àwọn kan ní erékùṣù, àwọn díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kékeré. Báàgì ṣí, ìbọ̀wọ́ awọ jáde.

Alága nàka sí wọn. "Ta ló pè wọ́n?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n," ni kóòṣì wí. "Mo ní kí wọ́n wá wòran. Òfin yín ò ní kí èèyàn má wòran."

"Òfin mi ò gba orílẹ̀-èdè kankan nínú wọn!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ìyá aṣojú dáhùn. "Wọn ò ní gbá bí orílẹ̀-èdè. Kí gbogbo wọn para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Ẹ̀yin lẹ sọ fún oníròyìn pé ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ gbá, àbí ẹlòmíì ni?"

Èrò hó yèè. Alága wo ẹnu ọ̀nà, èrò ti dí i. Ló bá mú igi, ó di ibi tó ki mú.

Bọ́ọ̀lù kìíní dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Ìkejì dé, ó fi igi fẹ́ afẹ́fẹ́, ó yí bíi òkòtó, fìlà rẹ̀ fò lọ. Ìkẹta dé, ó di ojú, ó gbàdúrà, ó na igi. Kàó! Igi ba bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí lọ gbirigbiri nínú koríko.

"Sáré!" ni gbogbo pápá ké.

Ó sáré. Apá òsì ló gbà.

"Ọ̀tún ni, Ẹ̀gbọ́n! Ọ̀tún!"

Ibùdó kẹta ló kọ́kọ́ dé, níbi tí ọmọkùnrin erékùṣù kan ti dúró dè é pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà rọra fi kàn án léjìká. "Ẹ ti kú, sà."

"Ta ló kú? Ìwọ ló máa kú! Mo wà láàyè!"

Rẹfirí gbé ọwọ́ sókè pé ó kú, ìyẹn ni pé àyè rẹ̀ láti gbá ti tán. Bọ́tìnnì méjì já lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kù tẹ̀ lé wọn. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀.

Kóòṣì wá mú un lọ́wọ́. "Ẹ wá jókòó, Ẹ̀gbọ́n." Ó dá balógun gidi padà sí àyè rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni eré wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa gbá a, wọ́n sáré, wọ́n ṣubú, wọ́n dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣíwájú. Àwọn àlejò ló padà borí, díẹ̀ báyìí ni wọ́n sì fi jù wá lọ. Àwọn ọmọ wa dì mọ́ wọn, òógùn bo gbogbo wọn, inú kóòṣì ń dùn bí ẹni tó gba ife méjì.

"Alága," ni ìyá aṣojú wí, "olùgbàlejò ló ń fa ife lé olúborí lọ́wọ́."

Alága gbé ife. Balógun àwọn àlejò dì í mú. Alága ò fi sílẹ̀. Ọmọ náà fà á, Alága fà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀."

Ó tú u. Ọmọ náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wá, a kì í gbọ́ ara wa yé. Ká ní kì í ṣe òfin wọn ni, à bá má di ẹgbẹ́ kan láé."

Gbogbo pápá dìde, àtẹ́wọ́ dún bí òjò. Alága gbọ́ "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága," kò gbọ́ ìyókù. Ó fi ọwọ́ kan di aṣọ mọ́ ikùn, ó gbé èkejì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí wọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rín tó bú jáde ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá láàárín èrò, ó dúró tì í.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."