Ọjọ́ Tí Ọmú Mi Ba Sátíìnì Jẹ́

Ọjọ́ kan ń bẹ tí mo fẹ́ gbàgbé, àmọ́ kò gbà kí n gbàgbé òun. Ọmọ mi kẹta ò tíì ju oṣù méjì lọ, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin tí kò tíì pọn ọmọ rí, ló dìde tó ń kọ́ àwa abiyamọ. Ó ní ohun kan wà tó ń jẹ́ ọkisitósìn, ọpọlọ ló ń rán an níṣẹ́. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, tàbí tí ìyá kàn gbọ́ ẹkún ọmọ, á dé ọmú, á ní kí wàrà máa bọ̀. Òun náà ló ń mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀ nígbà ìrọbí, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìyá fẹ́ràn ọmọ.

Mo pòṣé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, ọmọ mẹ́ta ni mo ti fún lọ́mú, orí mi ò dá sí i rí. Àyà lọmú wà!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń dùn bí ẹni gbẹ̀bùn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ó dáa, ìyá wa. Ẹ ṣáà máa ki aṣọ sínú kọ́mú tí ẹ bá ń lọ sọ́jà."

"Kí ló dé? Ṣé òtútù ń mú un ni?"

Ọjọ́ kẹta, mo gbé ọmọ ti ìyá ọkọ mi, mo lọ ṣí ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jà Ìwó. Àlàájà kan dé láti Kuta, ó ń wá aṣọ wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀. Sátíìnì aláwọ̀ àlùkò kan wà lọ́wọ́ mi, òun ló wọ́n jù nínú ìsọ̀, ó ti ń wò mí lójú fún oṣù mélòó kan. Tó bá lè lọ lónìí, ara á tù mí. Àwa aláṣọ kì í sì í fọwọ́ lásán polówó, ara wa la fi ń ṣe é. Mo fà á bora láti èjìká dé àyà, mo ń yí bí ìyàwó tuntun. Àlàájà ti ń tọwọ́ bọ báàgì nígbà tí ọmọ tí obìnrin kan tó ń kọjá lọ pọ̀n sẹ́yìn figbe ta.

Ara mi ta ṣìn-ìn. Ọmú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo ní kí n ro nǹkan mìíràn, ọmọ mi nílé ló wá sọ́kàn mi, tòsì náà bá dara pọ̀.

"Kí ló ń tutù níbẹ̀ yẹn?"

"Omi òrùlé ni, mà."

Àlàájà gbójú sókè. Oòrùn ń ranjú mọ́ wa, òjò ò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Òrùlé rẹ yìí mọ ibi tí ọmú wà o!"

"Ẹ má bínú, mà, màá fọ̀ ọ́."

"Fọ kí ni? Kí ọmọ mi gbé wàrà ọmọ ọlọ́mọ wọ̀ síwájú àwọn ààfáà? Lọ fún ọmọ ẹ lọ́mú, jàre!"

Ló bá sọdá sí ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi, ó rajà níṣojú mi. Obìnrin tó lọ́mọ náà tún dúró: "Ìyá, ṣé kí n sọ tèmi kalẹ̀ kó mu díẹ̀? Kó má baà ṣòfò."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn tó fi ẹni tó mọ̀ jù ú lọ ṣẹ̀sín, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá yóò gbè é. Tèmi ò gbè mí. Àmì roboto méjì ò kúrò lára sátíìnì náà, èmi ni mo rán an wọ̀, mo fi ìborùn bo iwájú. Wọ́n ní ó yẹ mí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó rajà lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí kò sì rẹ́ni bá nájà.